Ọkọ̀ Tó Ń Dúró Kó Kún
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ èrò ní Ìbàdàn. Mo gbà, ṣùgbọ́n n kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti Dùgbẹ̀. Àkànràn, Lálúpọn àti Mọ́níyà ni n ó ti wò ó, nítorí ọ̀hún ni púpọ̀ nínú yín ń sùn báyìí. Owó ilé ìgboro ló lé yín débẹ̀.

Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ní 1906 ni ìjọba la títì mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ má rò pé nítorí ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa ni wọ́n ṣe là á o. Ẹrù ni wọ́n ń wá, kí mọ́tò kó o wá bá rélùwéè, kí rélùwéè gbé e lọ sí èbúté. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: nínú ètò yẹn, mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin mọ ara wọn. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún èkejì.

Ta ló wá gbé àwọn ènìyàn abúlé? Bọ́lẹ̀kájà ni. Ojú irin ọkọ̀ wá láti òkè òkun, káfíńtà wa fi pákó kan ara rẹ̀, èrò jókòó kojú ara wọn, ewúrẹ́ àti gbágùúdá wà láàárín. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ọjọ́ ọjà ló ń tẹ̀lé. Bí Àkànràn bá ń ná ọjà, ọkọ̀ á pọ̀ ní Àkànràn. Bí ọjà bá tú, ẹni tó bá fẹ́ gbé aláboyún lọ sí ìlú á fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kó máa wo ojú ọ̀nà títí.

Ìnira yìí kò kéré. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, tí Tàfá Adéoyè láti Àkànràn wà lára àwọn aṣáájú wọn, owó-orí ni gbogbo ayé rántí. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ọ̀nà abúlé wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Àgbẹ̀ tí ọkọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iye tí oníṣòwò bá dá ni yóò gbà. Kò lè ru kòkó lórí dé ìlú kó tún máa yan oníbàárà.

Ìjọba ò ṣàì gbìyànjú. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ètò ọkọ̀ èrò sílẹ̀, wọ́n pín bọ́ọ̀sì fún àwọn ìpínlẹ̀. Àwa tí a dàgbà díẹ̀ rántí bọ́ọ̀sì TCTC ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n náírà ti ń já wálẹ̀ láti 1986, ohun èlò ọkọ̀ sì ń gòkè. Bọ́ọ̀sì tó bá kú, ó kú nìyẹn. Ọ̀kadà ló wá gba abúlé, tòun ti ewu rẹ̀.

Ẹ wá wo Mọ́níyà. Ní oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ibùdó rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, wà ní Mọ́níyà. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ tó ń lọ sí Ẹgbẹ́dá, Maíkírà dé Òjòó, òmíràn dé Ìwó Road, òmíràn lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí epo tí kò tó ₦200 kọjá ₦500, tó tún kọjá ₦1,000 ní 2024, ẹ mọ ohun tí ìwọ̀kọ̀-sọ̀kọ̀ yẹn ń ṣe sí owó oṣù.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, mo rí bí ẹ ti ń wò mí. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí. Ẹni tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ mọ iye tí yóò fi lé e lọ́wọ́ lálẹ́. Kò lè fi èrò méjì gbéra ní Lálúpọn ní aago mẹ́rin ìdájí. Ó gbọ́dọ̀ dúró kó kún. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí sífíìtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà kò lè dúró kí ọkọ̀ kún. Òṣìṣẹ́ méjì ni wọ́n, ètò tí kò sí ló ń mú wọn bú ara wọn ní gáréèjì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1930 ní kí ọlọ́kọ̀ èrò gba ìwé àṣẹ fún ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rí ọ̀nà tó lówó lórí gbà, wọ́n lè retí pé kó máa ná ọ̀nà tí kò lówó lórí pẹ̀lú, kí èrè ìgboro máa gbé ọkọ̀ abúlé. Nígbà tí òfin 1985 tú ètò náà ká níbi gbogbo yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ abúlé ni ọkọ̀ wọn dín kù. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa béèrè níhìn-ín. Wọ́n ti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí Òjòó, Ìwó Road, Challenge àti ọ̀nà Ifẹ̀ tuntun. Bọ́ọ̀sì ìjọba tó bá ń jẹ èrè níbẹ̀, kó ní iye ìgbà tí yóò dé Àkànràn, Lálúpọn àti Ìjàyè, ní aago tí a mọ̀, bó kún, bí kò kún. Kí dírẹ́bà rẹ̀ sì máa gba owó oṣù, kì í ṣe ohun tó bá ṣẹ́kù lálẹ́.

Ọ̀nà àyíká tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ kìlómítà 110, yóò la oko àwọn ènìyàn wa kọjá. Kí a tètè béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì yóò ti máa dúró lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá parí rẹ̀ tán láìsí ibùdókọ̀, a ó kàn máa dúró lẹ́bàá oko wa, kí á máa wo jíìpù tó ń sáré kọjá ni.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù kọ ọ́ sínú ìwé: abúlé tó ti ń wá, aago tó ń kúrò nílé, iye ọkọ̀ tó ń wọ̀ àti iye owó tó ń san ní àlọ àti àbọ̀. Kí ẹ̀yin dírẹ́bà náà kọ iye wákàtí tí ẹ fi ń dúró de èrò. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́. Ọwọ́ akọ̀wé ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé.