Kí ẹ tó wọ iṣẹ́ sójà, orúkọ ta ni ẹ máa kọ sínú ìwé?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun sọ.

Bí mo ṣe ń wò yín yìí, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú yín: kò síṣẹ́ níta, iléeṣẹ́ ọmọ ogun sì ń gba èèyàn. Bí èmi náà ṣe débẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ló gbé mi dé Zaria. Ebi ni. Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè dé lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti bá àwọn èèyàn jẹun pọ̀, tí mo sì tún gbé òkú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lu àwọn ọ̀dọ́ ní jìbìtì. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù sójà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gágun kan l'Abuja, pé kí bàbá yín ta ilẹ̀ kó mú owó wá, olè ni, ì báà tiẹ̀ wọ aṣọ sójà. Ládùúgbò mi, ìdílé kan ta ọkọ̀ akérò wọn nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ ò dé Zaria, ọkọ̀ ò sì padà wá.

Ọ̀nà tí ẹ bá gbà wọlé ló máa pinnu irú ayé tí ẹ máa gbé níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé bíi sójà kékeré gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó má sì ju iye ọdún tí wọ́n bá kéde lọ. Bó bá níṣẹ́ ọwọ́, bíi mẹkáníìkì tàbí awakọ̀, wọ́n máa ń gbà á bó tilẹ̀ fi ọdún díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, kó yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin ní WAEC tàbí NECO. Wọ́n á wọn gíga rẹ̀: mítà 1.68 fún ọkùnrin, 1.65 fún obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ ka ìkéde ọdún tí ẹ bá fẹ́ wọlé dáadáa, torí wọ́n lè yí òfin padà.

Ọ̀nà kejì ni NDA ní Kaduna. Ẹ ó ṣe JAMB, ẹ ó ṣe ìdánwò tiwọn, wọn ó tún pè yín fún àyẹ̀wò. Ọdún márùn-ún ni: mẹ́rin fún ìwé, ọ̀kan fún iṣẹ́ ogun, ẹ ó sì jáde bí ọ̀gá. Láti ọdún 2011 làwọn obìnrin náà ti ń wọ ibẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ ogun. Ẹni tó bá sì ti ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì lè dúró de ìgbà tí wọ́n bá kéde DSSC.

Mo mọ ọmọ kan tó ní díńgírì, tó fi pamọ́, tó gba ọ̀nà sójà kékeré wọlé torí pé kò ní sùúrù. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí ló ń kí ní sàlúùtù. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn jẹ́ sójà kékeré o, ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni.

Ibi tí wọ́n máa gbé yín lọ kò sí lọ́wọ́ yín. Láti ọdún 2009 tí Boko Haram ti gbé ìbọn, Borno ló ń dúró de ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá jáde ní Zaria. Kò sí ìyanṣẹ́lódì nínú iṣẹ́ yìí, kò sì sí pé mi ò lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, kóòtù ológun dájọ́ ikú fún sójà 54, torí wọ́n kọ̀ láti lọ bá Boko Haram jà. Àwíjàre wọn ni pé ohun ìjà ò tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èrò tèmi nípa ìdájọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níkùn mi. Ṣùgbọ́n irú òfin tí ẹ fẹ́ lọ ti ọwọ́ bọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun gan-an ló gbé mi wá. Bí ẹ bá ti dé, wọ́n á fún yín ní ìwé kan pé kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí wọn ó pè bí ẹ bá kú. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo kọ tèmi. Orúkọ ìyá mi ni mo kọ, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ibùsùn wa jọ kángun síra kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an nílé ìwé, ó tọ́ sí i. Nígbà tó yá, ó fẹ́yàwó, ó bí ọmọ méjì. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé òun máa lọ yí orúkọ yẹn padà. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi kó wa lọ sí Liberia pẹ̀lú ECOMOG, ikọ̀ ọmọ ogun ECOWAS. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, àwọn ọmọ ogun Charles Taylor ya wọ Monrovia. Ọ̀rẹ́ mi ò padà wálé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n pè. Ẹ̀gbọ́n ló gba owó. Wọ́n ní kí ìyàwó kó jáde ní báráàkì, torí ẹni tó ni yàrá ti kú. Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo bá a níbi tó ti ń ta ẹ̀wà létí títì. Ó bù fún mi, ó kọ̀ kò gbowó. Kò bú ọkọ rẹ̀, kò bú ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ó kàn bi mí pé: "Ẹ̀yin ńkọ́ sà, orúkọ ta ló wà nínú ìwé tiyín?"

Orúkọ ìyá mi ṣì ni. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí akọ̀wé tó dé.

Iṣẹ́ yìí ṣe mí lóore. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni mo fi ń jẹun, mo sì rí ilẹ̀ tí bàbá mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin ní òun náà fẹ́ wọlé. Mi ò dá a dúró. Mo ní kó lọ tọ́jú ìwé WAEC rẹ̀, kó máa sáré láàárọ̀, kó jókòó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo wá bi í pé orúkọ ta ló máa kọ. Ó ní òun ò tíì rò ó. Mo ní kó lọ rò ó.

Mo rí ọwọ́ lókè lọ́hùn-ún. Ìwọ ọmọbìnrin yẹn, dìde, kí ni ìbéèrè rẹ?