Eruku Ààtàn àti Ibà Tí Kì Í Ṣe Ibà

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ààtàn ṣeré. Èèpo iṣu, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìẹ tí ó kó jọ sí ojú kan ni yóò di ajílẹ̀ dúdú fún ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ níhìn-ín pé kí òun pa ààtàn tì. Eruku tí ń jáde nígbà tí a bá ń yí i ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Bí ìdọ̀tí bá ti ń jẹrà, inú òkìtì náà a máa gbóná. Ooru rẹ̀ a máa tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí náà, ni ó ń mú un gbóná. Ọ̀kan nínú wọn ni Aspergillus fumigatus, ìbátan ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá ti bu. Bí a bá to 300 irúgbìn rẹ̀ sí ìlà kan, gígùn wọn kò ní tó mílímítà kan. Bí ṣọ́bìrì bá ti wọ inú òkìtì gbígbẹ, wọn a fò sókè bí èéfín. Irun imú a máa dá eruku ńlá dúró, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí a kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ọdún 1932, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. M. Campbell, kọ ìròyìn nípa àwọn àgbẹ̀ tí àìsàn dé bá lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nídìí koríko ẹran tí ó ti bu. Ní 1963, Jack Pepys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ó fẹ́ràn ooru nínú koríko náà ni ó fà á. Irú wọn wà nínú ààtàn pẹ̀lú. Àrùn náà kì í ràn. Ara ẹni ni ó ń bá eruku jà, ìjà náà a sì ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àkókò tí ó ń dé ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Àgbẹ̀ yí ààtàn ní òwúrọ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Ní nǹkan bí wákàtí 4 sí 8 lẹ́yìn náà, òtútù mú un, ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, kò sì lè mí kanlẹ̀. Ta ni kò ní pè é ní ibà? Wọ́n ra oògùn ibà fún un. Ara rẹ̀ balẹ̀ ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì yin oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé kíkúrò tí ó kúrò nídìí ààtàn ni ó wò ó sàn. Bí ó bá ń padà síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, àpá tí kì í parẹ́ lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ṣe gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, nítorí ibà gidi ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún dókítà pé ààtàn ni òun yí. Dókítà kò lè wo ojú ènìyàn kí ó mọ èyí.

Ó yẹ kí àwọn tí ó ní ikọ́ fée, àwọn tí àrùn ti dín agbára ara wọn kù, àti àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ṣe rí, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó ti san a máa fi ihò sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà mìíràn, Aspergillus a sì lè fi ibẹ̀ ṣe ilé, títí ẹni náà yóò fi máa wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláṣẹ a máa béèrè ìṣọ́ra pàtàkì bí ilé tàbí ibi iṣẹ́ bá wà láàárín 250 mítà sí ibùdó ajílẹ̀ ńlá. Òkìtì abúlé kéré sí èyí púpọ̀, síbẹ̀ kò yẹ kí ó wà lẹ́bàá fèrèsé tàbí ilé ẹ̀kọ́. Kí a wọ́n omi sí i kí ó tutù dáadáa kí a tó yí i, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Kí ẹni tí ń yí i kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí àwọn ọmọdé sì kúrò nítòsí. Aṣọ tí ọ̀pọ̀ ń so mọ́ imú kò lè dá irúgbìn wọ̀nyí dúró. Omi inú garawa wúlò jù ú lọ.