Bí Bíréèkì Ọwọ́ Oníná Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Páàdì

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ ní ìpàdé wa, ní Atlanta)

A mọ̀ pé ibi iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn mìíràn nínú yín ti bọ̀, nítorí náà a ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìwé ìgbélùú àti owó ilé-ìwé ọmọ la sábà máa ń sọ níbí. Tòní, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin nìkan ni o. Ní ìlú tó fẹ̀ báyìí, tí ọkọ̀ MARTA kì í wọ Gwinnett àti Cobb bó ṣe ń wọ Fulton àti DeKalb, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá dúró, iṣẹ́ rẹ̀ náà fẹ́ dúró nìyẹn.

Ìdílé kan nínú wa tó ń gbé lápá Stone Mountain ló jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Páàdì ẹ̀yìn mọ́tò wọn jẹ tán. Bàbá ilé, tó ti máa ń tún mọ́tò ara rẹ̀ ṣe ní Mushin kó tó wá síbí, ní kí ni òun fẹ́ máa kó owó fún mẹ́káníìkì sí? Ó gbé e sórí jáàkì, ó tú táyà, ó fi irin onísíkúrù ti pístìn padà sínú ilé rẹ̀, bí a ti ń ṣe é nílé. Ó gbọ́ ìró kan, "kẹ́ẹ́", kò kà á sí. Lọ́jọ́ kejì, iná yẹ́lò yọ lójú dáṣíbọọ̀dù. Ìyàwó rẹ̀ ní iná yẹn kọ́ ló máa dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú, ó páàkì sórí ìdàgẹ̀rẹ́, ó fa súìṣì bíréèkì, ó sọ̀kalẹ̀ láti lọ tú ọmọ ní àga ẹ̀yìn. Ó gbàgbé láti fi jíà sí P. Bó ṣe ń gbé ọmọ jáde tán báyìí, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí yí lọ sẹ́yìn. Agolo pàǹtí ńlá kan ló dá a dúró. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ká má fi ti Ọlọ́run nìkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bíréèkì ọwọ́ àtijọ́, gbogbo wa mọ̀ ọ́n: irin tí a ń fà sókè láàárín àga méjì, tí wáyà rẹ̀ sì ń fa bíréèkì ẹ̀yìn. Tiwa ń dá dúró, bó bá sì rọ̀, ọmọ ọkọ̀ á já sílẹ̀ pẹ̀lú igi wẹ́jì rẹ̀. Ní 2001, BMW fi bíréèkì ọwọ́ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ sínú 7 Series. Láti ìgbà náà ló ti ń wọ mọ́tò Honda, Toyota, Ford àti àwọn yòókù, títí tó fi dé inú èyí tí àwa náà ń rà. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ iná kékeré kan wà lẹ́yìn kálípà táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fa súìṣì, ẹ̀rọ náà á yí síkúrù kan, síkúrù á ti pístìn, pístìn á fún páàdì mọ́ dísìkì. Pístìn yìí kan náà ni òróró bíréèkì ń tì nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Pístìn kan, ọ̀gá méjì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Páàdì tuntun nípọn ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà pístìn gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn kó tó lè wọlé. Ṣùgbọ́n síkúrù ẹ̀rọ iná ṣì dúró lẹ́yìn pístìn, ó dì í mú. Ẹni tó bá fi agbára tì í, jíà kékeré inú ẹ̀rọ náà ló ń fọ́. "Kẹ́ẹ́" tí bàbá yẹn gbọ́ nìyẹn. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe ni kó fi mọ́tò sí ipò ìtọ́jú, tí wọ́n ń pè ní service mode tàbí maintenance mode, kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn. Àwọn mọ́tò kan ń fẹ́ ẹ̀rọ scan kó tó gbà. Àwọn mìíràn, kọ́kọ́rọ́, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì àti súìṣì náà ti tó, bí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ bá ti kọ ọ́. Ẹ má fi ti Honda ṣe Volkswagen o. Tí iṣẹ́ bá parí, èèyàn gbọ́dọ̀ mú un jáde kúrò ní ipò yẹn, kí ẹ̀rọ náà jáde wá, kó mọ ibi tí páàdì tuntun wà. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì máa ń gbàgbé èyí, wọ́n á sì sọ fún yín pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ti ìka sáàárín páàdì àti kálípà nígbà tí iná bá ṣì wà lára mọ́tò tí kò sí ní ipò ìtọ́jú. Àwọn mọ́tò kan máa ń fún bíréèkì fúnra wọn bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì tàbí ṣí ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ọmọdé tó ń ṣeré nínú mọ́tò kò mọ ohun tí súìṣì ń ṣe. Ní ipò ìtọ́jú náà, táyà ẹ̀yìn ti tú sílẹ̀, nítorí náà ẹ fi wẹ́jì dí táyà iwájú. Ọmọ ọkọ̀ Mushin mọ nǹkan tó ń ṣe.

Ó dáa. Wọ́n ti pààrọ̀ páàdì, iná yẹ́lò yọ, tàbí lẹ́tà P tó wà nínú òbìrí ń ṣẹ́jú. Bíréèkì ẹsẹ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jóná, tàbí táyà ẹ̀yìn kan gbóná ju èkejì lọ, ẹ má wà á mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ ọ. Bí kò bá sí èyí, ẹ fi sí P, ẹ páàkì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi nǹkan dí táyà.

Lẹ́yìn náà, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ti tó láti fa bátìrì àgbà sílẹ̀, ẹ̀rọ yìí ò sì fẹ́ iná tó rọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fún ìgbà díẹ̀, bátìrì tó yá gágá máa ń wà ní nǹkan bí volt 12.6. Bí tiyín bá lọ sí 12 tàbí kó jìn sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba agbára sí i ná. Ẹ bi mẹ́káníìkì pé ṣé ó mú un jáde ní ipò ìtọ́jú. Kó tún yẹ ẹnu wáyà tó wà lẹ́yìn kálípà wò, bóyá kò wọlé dáadáa, bóyá wáyà náà há tàbí lọ́ nígbà tí wọ́n ń so kálípà rọ̀. Fíùsì náà ń bẹ. Èyí tí a ti ń rí i tí wọ́n ń fi jẹ owó àwọn èèyàn wa ni ti ẹ̀rọ scan olówó pọ́ọ́kú: ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà. Ẹ̀bi bíréèkì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé "a scan ẹ, kò sí nǹkan", ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rọ wọn dé inú bíréèkì.

Ilé àtúnṣe àkọ́kọ́ tí ìdílé wa yìí lọ ní kí wọ́n ra kálípà méjèèjì, owó rẹ̀ lé ní $1,000. Ẹlòmíràn wò ó: jíà ti òsì ló fọ́, ti ọ̀tún kò ṣe nǹkan kan, kò kàn tíì mọ ibi tí páàdì tuntun wà ni. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, wọ́n ń ta ẹ̀rọ iná náà lọ́tọ̀, láìsí kálípà. Ẹ máa béèrè. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀bi náà sínú ìwé fún yín kí ẹ tó yọ owó.

Àwọn kan ní ṣebí wọ́n yẹ mọ́tò àwọn wò lọ́dọọdún. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ní àgbègbè 13 tó yí Atlanta ká, èéfín nìkan ló wà fún. Ìpínlẹ̀ Georgia kì í ṣe àyẹ̀wò bíréèkì ọdọọdún fún mọ́tò ilé. Ojú yín ni àyẹ̀wò yín.

Bó bá jẹ́ ilé àtúnṣe ló ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ wọn, ẹ kọ ẹjọ́ yín sínú lẹ́tà, ẹ tọ́jú risíìtì. Bí wọn ò bá gbọ́, Magistrate Court ti county ń gba ẹjọ́ owó tó tó $15,000, ẹ ò sì nílò lọ́yà. Ẹni tó bá ní wọ́n ti fagi lé wáráńtì yín nítorí pé ẹ lọ ṣe bíréèkì níbòmíràn, ẹ sọ fún un pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1975, Magnuson-Moss, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ bá bà jẹ́ nìkan ni wọ́n lè kọ̀.

Ó ku ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ẹ̀bi mẹ́káníìkì. Ní 2016, Honda pe Civic tó tó 350,000 padà, nítorí pé bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ lè ṣàì mú bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kété tó bá pa mọ́tò. Ní 2023, Ford pe F-150 ọdún 2021 sí 2023 tó lé ní 870,000, nítorí wáyà ẹ̀yìn tó lè máa ha títí bíréèkì yóò fi mú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún irú èyí ṣe, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà. Ẹ wo nọ́ńbà ẹlẹ́tà àti oníye 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, kí ẹ pe NHTSA lórí 1-888-327-4236. Ẹni tí èdè bá ń dí lọ́wọ́ lórí fóònù, kó mú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé, a ó jọ pè wọ́n.