Wákàtí 14 fún Olùyẹ̀wò Ilé
Ní ìpínlẹ̀ Florida l'Amẹ́ríkà, olùyẹ̀wò ilé kò lè sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dún méjì-méjì láìkọ́ ẹ̀kọ́ wákàtí 14; ó kéré tán, méjì nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá lórí bí ilé ṣe lè dúró de ìjì. Àwọn kan ní ìyà lásán ni: ẹni tó ti ń gun òrùlé láti ogún ọdún, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ? Mo gbà pé ojú rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ìrírí kì í sọ fún ni pé òfin ti yí. Ìjì Andrew wó ilé rẹpẹtẹ ní 1992, òfin ìkọ́lé tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, wọn ò sì yéé tún un ṣe.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká wo òkè àjà, níbi tí irin pẹlẹbẹ ti so igi òrùlé mọ́ ògiri. Kí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ìjì tí olùyẹ̀wò ń kọ fún adójútòfò tó ka irin yẹn sí, ìṣó mẹ́ta, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ wọ inú igi náà. Ẹni tí kò mọ̀ á rí méjì, á kọ ọ́ pé ó dára, ẹ̀dínwó adójútòfò onílé á sì dúró lórí irọ́. Àwọn tó ń ṣàtakò tún ní ẹlòmíì kàn ń tẹ bọ́tìnnì lórí kọ̀ǹpútà ni láti parí ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn dùn mí gan-an, àmọ́ ìdánwò ló yẹ kó le sí i, kì í ṣe kí wọ́n pa ẹ̀kọ́ náà tì. Wákàtí 14 láàárín oṣù 24 kò kúkú tó wákàtí kan lóṣù.