Èémí Àwọn Òbí Wa Nílé

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀jọ́, ọmọ Ìbà, ọmọ Okokomáíkò, ọmọ Ìjanikin ní Èkó, ẹ̀yin tí a jọ wà lókè òkun, ẹ gbọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni mo bá wá, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí àwọn dókítà ń pè ní COPD. Nílùú òyìnbó níbí, sìgá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi ènìyàn léèrè. Tiwa nílé yàtọ̀. Daniel Obaseki àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Gregory Erhabor pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ àwọn tó ti tó ogójì ọdún wò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bíi méje sí mẹ́jọ ni ọ̀nà èémí wọn ti há, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń mu sìgá níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ rántí etí ọ̀sà wa. Obìnrin tó ń yan ẹja á bẹ̀rẹ̀ sórí àgbá onírin, igi tútù á máa rú èéfín lábẹ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan yí ẹja, ó ń fi ìkejì nu ojú, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ṣeé nù; èyí tó gba imú wọlé, ta ni yóò nù ún? Èéfín yẹn ló ń mú ọ̀nà èémí wú, tó ń sọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ di púpọ̀, tó sì ń ba àwọn àpò atẹ́gùn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kì í hù padà.

Tó bá di ogún, ọgbọ̀n ọdún, ikọ́ òwúrọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Láti ibi omi dé ẹnu ọ̀nà, ìyá á dúró kó tó mí délẹ̀. Ará ilé á ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń bá a jà. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí lè sọ òótọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọwọ́ àwa tí a wà lókè òkun wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2005, àjọ Basel Action Network dé ọjà Alábá, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bíi 500 kọ̀nténà kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, tí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò wúlò mọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń dáná sun kí wọ́n lè yọ kọ́pà inú wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó tẹlifíṣọ̀n tó ti kú ránṣẹ́ sílé mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tí a rà fún àwọn òbí wa ńkọ́? Ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n ń gbé e sí nítorí olè, èéfín rẹ̀ á sì máa wọlé. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí pa bíi 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní Èkó ní 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù.

Ọmọ wa kan tó wà lókè òkun bíi tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olópàdé ti Yunifásítì Chicago, bá àwọn ará Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí aboyún 324. Àwọn kan gba sítóòfù ethanol, àwọn yòókù ń lo igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kéré láàárín àwọn tó gba sítóòfù. Ẹ rí i pé èéfín kò dúró sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró yìí kì í lọ tán, àmọ́ ènìyàn lè bá a gbé. Inhaler ṣe kókó, owó rẹ̀ sì ti fò sókè láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ òògùn GSK ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fídíò pe ìyá yín, ẹ ní kí wọ́n lò ó lójú yín. Ṣé wọ́n gbọ̀n ọ́n? Ṣé wọ́n kọ́kọ́ mí síta tán? Ṣé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń fà á sínú díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì dá èémí dúró títí a fi ka ẹẹ́wàá? Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí ahọ́n lásán, tí òògùn kò dé ibi tó ń lọ.

Àbá mi rèé. Nínú owó tí a ń dá fún ilé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ tàwọn ìyá ẹlẹ́ja: ààrò tó ní ọ̀nà èéfín, sílíńdà gáàsì, àti owó àyẹ̀wò fún ẹni tó bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nítorí ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ náà. Kí owó ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà jìnnà sí Okokomáíkò. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà àárín wa, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí a tó jẹun ọ̀sán, ká lè mọ àwọn tó lè bá wa lọ sílé ṣe àyẹ̀wò náà nígbà Kérésì.