Ìrora Abẹ́ Ìkùn Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá àti baba wa ní Mazamaza, nǹkan oṣù ni a sábà máa ń ka gbogbo ìrora abẹ́ ìkùn obìnrin sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjù lè fà á. Àtọ̀sí tí ó gòkè wọ ilé ọmọ lè fà á pẹ̀lú. Egbòogi dókítà ń wò ó, bí tọkọtaya bá jọ lò ó. Ọkọ ni kì í sábà fẹ́ lọ!

Èyí tí ó léwu jù ni ti obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí ìrora mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, tí òòyì sì ń kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ oyún tí ó dúró síta ilé ọmọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn. Àgbo inú gáréèjì kò lè dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.