Kálàmù Tí Ń Kọ Òfin: Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ fún Ọ̀dọ́ Agbẹjọ́rò ní Ilé Aṣòfin



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ìmọ̀ ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ kọ́ nípa òfin, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn àwọn òbí rẹ̀ ni ẹ̀wù dúdú àti àròyé níwájú adájọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọ́fíìsì kan wà tí agbẹjọ́rò kì í ti í ro ẹjọ́, síbẹ̀ tí ohun tí ó bá kọ níbẹ̀ ń de tolówó tòtòṣì. Ọ́fíìsì náà ni ẹ̀ka tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ọ̀dọ́ náà yóò lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1963, tí olú rẹ̀ sì ti wà ní Bwari, ní Ábùjá, láti ọdún 1997. Lẹ́yìn náà ni yóò di agbẹjọ́rò, tí yóò sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Bí ó bá wá dé ilé aṣòfin, yóò rí i pé ẹ̀kọ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń ka òfin. Àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ọ́.

Ká ní aṣòfin kan wá, tí ó ní òun fẹ́ òfin tí yóò dá àwọn tí ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà lẹ́kun. Ọmọṣẹ́ yóò fẹ́ sáré mú kálàmù. Ọ̀gá rẹ̀ yóò dá a dúró, yóò bi í pé: Kí ni ìṣòro náà gan-an? Ǹjẹ́ òfin kan ti wà lórí rẹ̀ tí àwọn aláṣẹ kò kàn lò? Ǹjẹ́ ilé yìí ní agbára láti ṣe é, nígbà tí abala kẹrin Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ti pín agbára náà láàrin ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀? Ta ni yóò mú un ṣẹ? Kí ni ìjìyà ẹni tí ó bá rú u? Ọmọṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn kò tíì tó ìwé kọ.

Bí ó bá wá di kíkọ, yóò kọ́ pé “gbọ́dọ̀” kì í ṣe ẹgbẹ́ “lè”. Òfin tí ó ní òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún ará ìlú ní ìwé àṣẹ ti fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́; èyí tí ó ní òṣìṣẹ́ lè fún un ti fi ọ̀rọ̀ náà sí ìfẹ́ inú òṣìṣẹ́. Yóò kọ́ pé ohun tí a bá pè ní “ilé” ní abala kejì, a kò gbọdọ̀ pè é ní “ibùgbé” ní abala kẹwàá, kí adájọ́ má baà rò pé ohun méjì ni.

Àbádòfin ní láti gba kíkà mẹ́ta kọjá, ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè yọ gbólóhùn kan, wọ́n lè fi òmíràn kún un. Ọmọṣẹ́ ní láti tọpasẹ̀ gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí dé orí ẹ̀dà tí ó kẹ́yìn, èyí tí akọ̀wé àgbà ilé yóò jẹ́rìí sí kí ó tó lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ. Abala 58 fún Ààrẹ ní 30 ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Bí ìlà kan bá ti bọ́ lára ẹ̀dà yẹn, ohun tí Ààrẹ fọwọ́ sí kì í ṣe ohun tí ilé fẹnu kò lé lórí mọ́. Àmáánà ni iṣẹ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àsọdùn ni èyí. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé àríyànjiyàn “méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta”. Òfin ìdìbò tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1977 bèèrè pé kí ẹni tí yóò di Ààrẹ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà, 19 kò sì ṣe é pín sí mẹ́ta gérégé. Alhaji Shehu Shagari ní ìdá náà ní ìpínlẹ̀ 12. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 13 ni òfin ń bèèrè. Àwọn ti Shagari ní 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kẹtàlá ni. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Shagari láre ní ọjọ́ 26 oṣù September, 1979. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni kò gbà. Ìlà kan péré ní ìbá ti yanjú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 44, ọ̀rọ̀ kékeré náà, “àti”, tún di ẹjọ́. Abala 134 ìwé òfin ti 1999 bèèrè ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ “àti” Ábùjá. Ṣé dandan ni kí olùdíje ní in ní Ábùjá ni, àbí a kàn ka Ábùjá mọ́ àwọn ìpínlẹ̀? Ilé ẹjọ́ tí ó gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò Ààrẹ ní kò sí àyẹ̀sí fún Ábùjá ju ìpínlẹ̀ lọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ náà ní ọjọ́ 26 oṣù October, 2023. Ìjọba ológun ni ó fi àṣẹ gbé ìwé méjèèjì jáde, láìsí ilé aṣòfin tí yóò kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí nìyí tí ojú púpọ̀ fi ní láti yẹ òfin wò, kí ojú ẹni tí ó kọ ọ́ sì mú ju ti gbogbo wọn lọ.

Orúkọ akọ̀wé yìí kì í hàn lórí òfin. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó fẹ́ràn àti èyí tí kò fẹ́ràn ni yóò máa sìn lọ́gbọọgba. Bí èrò aṣòfin bá tako ìwé òfin, yóò sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹnì kan sì lè wá bá a lóru pẹ̀lú owó, kí ó ní kí ó kàn fi “lè” rọ́pò “gbọ́dọ̀”. Bóyá ènìyàn kankan kò ní rí i. Ọlọ́hun rí i. Ẹni tí ó bá gbà ti ta ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ má ṣe fojú kéré iṣẹ́ tí kò ní àtẹ́wọ́. Ẹ máa ka Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè láti ìsinsìnyí. Ẹ máa kọ́ bí a ṣe ń kọ gbólóhùn tí kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Kí Ọlọ́hun fún yín ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní àti ọwọ́ tí ó mọ́. Àmín.